Bí Bàbá Ìbejì ṣe gba láísẹ́ǹsì ní Texas lẹ́yìn tí New York ti gbẹ́sẹ̀ lé tiẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà ju bí a ṣe ń sọ ọ́ jáde lọ, torí ojú máa ń tini láti sọ fún ará ilé pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì èèyàn nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí a ò san. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi láyè pé kí n kọ ọ́, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun ni, torí náà Bàbá Ìbejì ni mo máa pè é. Brooklyn ló kọ́kọ́ balẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti gba láísẹ́ǹsì, ibẹ̀ náà ló ti ń fi mọ́tò gbé oúnjẹ àti ẹrù kiri fáwọn oníbàárà, kó tó di pé òun àti Ìyá Ìbejì kó lọ sí Houston torí owó ilé New York ti fẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu wọn. Èmi ni mo bá a jókòó ti àwọn ìwé yẹn látìbẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kọ bó ṣe lọ gan-an sílẹ̀, torí irọ́ tí wọ́n ń pa fáwọn èèyàn wa lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, owó tí wọ́n sì ń fi irọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ wọn, ó ń dùn mí gan-an.

Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, eré sísá ni, lójú ọ̀nà márosẹ̀ nígbà tó ń ti apá Albany bọ̀, ọlọ́pàá dá a dúró nítòsí ìlú kékeré kan, kọ́ọ̀tù ìlú yẹn ló sì ni ẹjọ́ náà. Méjì tó kù, Brooklyn ni, ó ti lé lọ́dún méjì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́: ọ̀kan, ó mú fóònù lọ́wọ́ níbi tó ti ń wo àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà, ìkejì, ó kọjá nígbà tí iná ti pọ́n, àárín àwọn méjèèjì yìí ò sì ju oṣù mélòó kan lọ. Kì í ṣe pé ó lóun ò ní san o. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n bí àwọn ìbejì, oṣù wọn ò pé, wọ́n pẹ́ ní họsibítù, ìyàwó ò lè ṣiṣẹ́, mọ́tò bàjẹ́, wọ́n sì kó kúrò ní Flatbush lọ sí Bronx lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin. Ó yí àdírẹ́ẹ̀sì padà ní báńkì, ó yí i padà níbi iṣẹ́, ti DMV, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, nìkan ni kò bọ́ sí i lọ́kàn. Òfin New York sì ni pé ọjọ́ 10 péré ni wọ́n fún èèyàn láti sọ fún DMV tó bá ti kó kúrò nílé. Nítorí náà gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí i, Flatbush ló ń lọ, ẹlòmíì ló sì ti ń gbé ibẹ̀, a ò mọ ohun tí onítọ̀hún ń fi wọ́n ṣe. Lẹ́tà pé kó wá jẹ́jọ́, lẹ́tà pé ọjọ́ ti kọjá, lẹ́tà pé a ti sọsípẹ́ńdì láísẹ́ǹsì rẹ, kò rí ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ níbí torí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pa á pọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì páàkì àti èyí tí kámẹ́rà yà ní New York, kámẹ́rà iná pupa tàbí ti ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, $50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ti kámẹ́rà yìí bí èèyàn ò bá pẹ́ kó tó san án, wọn ò ní pọ́íǹtì, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí àkọsílẹ̀ awakọ̀, mọ́tò ni wọ́n ń bá jà, wọn ò bá láísẹ́ǹsì jà. Tí gbèsè irú wọn bá ti lé ní $350 tí ẹjọ́ sì ti já lé èèyàn lórí, wọ́n lè wá fi irin há táyà mọ́tò ẹ lójú títì, ìyẹn náà burú, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí ọlọ́pàá bá dá èèyàn dúró tó sì kọ fún un lọ́wọ́, òun lèyí tó ń gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni. Tí a ò bá dáhùn sí i, yálà kí a sọ pé a jẹ̀bi tàbí a ò jẹ̀bi, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì, kò sì ní déètì tó máa fi parí, àfi ìgbà tí èèyàn bá tó dáhùn. Ní àgbègbè márààrún tó para pọ̀ jẹ́ ìlú New York, kì í ṣe kọ́ọ̀tù gan-an ló ń gbọ́ ẹjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, ẹ̀ka DMV kan tí wọ́n ń pè ní Traffic Violations Bureau ni, àwọn yẹn sì lè dá èèyàn lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀ tí kò bá yọjú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Ìbejì nìyẹn. Nígbà tó ń di ẹrù lọ sí Houston, wọ́n ti dá a lẹ́bi tán lórí méjì, ẹ̀kẹta wà ní kọ́ọ̀tù ìlú kékeré yẹn tó ń dúró dè é, ó sì ń wa mọ́tò kiri láìmọ̀ pé láísẹ́ǹsì tó wà lápò òun ti kú.

Ohun tó tún mú un dá ara ẹ̀ lójú ni pé déètì tó wà lára káàdì náà ò tíì pé. Ọdún mẹ́jọ ni láísẹ́ǹsì New York máa ń lò, tiẹ̀ ṣì ní ọdún bíi mẹ́ta nílẹ̀. Ẹni tó bá wo káàdì yẹn á rò pé kò sí nǹkan kan.

Texas fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní ọjọ́ 90 láti gba láísẹ́ǹsì tiwọn. Ó lọ lásìkò. Ó kó gbogbo ohun tó yẹ dání, green card, social security, ìwé ilé tó ń háyà, ìwé mọ́tò àti ìnṣọ́ránsì, ó dúró lórí ìlà, wọ́n pè é, obìnrin tó dá a lóhùn tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún un tẹ̀, ó wá sọ fún un ní pẹ̀lẹ́tù pé New York ti dá orúkọ ẹ̀ dúró, kó lọ bá wọn yanjú ẹ̀ kó tó padà wá. Kò yájú sí i, kò sì purọ́ fún un. Bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn, ìwé òfin ìrìnnà Texas sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní láísẹ́ǹsì tí èyí tó ní tẹ́lẹ̀ bá wà lábẹ́ sọsípẹ́ńṣọ̀n ní ìpínlẹ̀ míì tàbí ní orílẹ̀-èdè míì pàápàá. Ó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, “Àbúrò mi, wọ́n lé mi bọ̀ o. Wọ́n ní New York.” Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni Texas ṣe mọ̀? Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí, torí ẹni tí èyí bá yé, kò sí oníjìbìtì tó máa rí owó gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọdún 1960 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti dá ìwé orúkọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní National Driver Register, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú títì, NHTSA, ló ń tọ́jú ẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 pẹ̀lú Washington DC ló ń fi orúkọ ẹni tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, gbogbo wọn náà ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní tuntun. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹjọ́ gan-an ò sí níbẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀, àti ìpínlẹ̀ tó ni ọ̀rọ̀ náà, ó parí. Bí ìgbà téèyàn béèrè ilé lọ́wọ́ ọmọdé tó sì nawọ́ sí i ni, ọmọ náà ò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé, ó ṣáà mọ ilé. Texas béèrè, ìwé orúkọ nawọ́ sí New York, Texas sì ní kí Bàbá Ìbejì máa lọ síbẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò ní Texas, kì í ṣe akọ̀wé tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá wọn, kì í ṣe lọ́yà Houston tó ní kó kó owó wá. New York tó fi í síbẹ̀ nìkan ló lè yọ ọ́.

Àdéhùn méjì míì tún wà láàárín àwọn ìpínlẹ̀, Driver License Compact àti Non-Resident Violator Compact. Ìkejì yìí ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń gbé Georgia gba tíkẹ́ẹ̀tì ní Florida, kó kọ̀ láti san, kí Georgia tó ń gbé sì gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ò sí nínú ẹ̀: Alaska, California, Michigan, Montana, Oregon àti Wisconsin. Ibi tí àwọn kan ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ nìyí, wọ́n á ní “lọ gba ti Michigan, wọn ò bá wọn ṣe.” Wọn ò bá wọn ṣe nínú àdéhùn yẹn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n wà nínú ìwé orúkọ ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì ti rí i.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kan, ìmọ̀ràn ti wọlé láti ibi gbogbo. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jọ ń jọ́sìn ní kó lo àdírẹ́ẹ̀sì òun ní Atlanta kó lọ gba ti Georgia, mo ti sọ ìdí tí ìyẹn ò fi lè ṣiṣẹ́, ó tún wá jẹ́ irọ́ pípa fún ìjọba lórí ibi téèyàn ń gbé. Ẹnìkan ní kó yí orúkọ sápá òsì sápá ọ̀tún, kó fi orúkọ àárín ṣíwájú, kó yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò láé. New York ti ń fi kọ̀ǹpútà wo ojú èèyàn mọ́ fọ́tò láti ọdún 2010, àwọn ìpínlẹ̀ tó kù náà ò gbẹ́yìn, nọ́ńbà social security sì wà níbẹ̀ tí kì í yí padà, ẹni tó bá wá ní green card tí wọ́n mú fún irú èyí, ó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé tíkẹ́ẹ̀tì kékeré di ẹ̀sùn ayédèrú, ìyẹn sì lè dé iwájú àwọn ìmígíréṣọ̀n lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú.

Èyí tó fẹ́ mú Bàbá Ìbejì lọ ni ti láísẹ́ǹsì ilé. Wọ́n ní kó lọ sí Nàìjíríà ní December, kó lọ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ FRSC, kó ya fọ́tò kó tẹ̀ka, kó sì padà wá máa fi wa mọ́tò ní Houston. Àwọn míì tiẹ̀ ní kò nílò kó lọ rárá, wọ́n á bá a ṣe é láti ibẹ̀. Mo bi í pé, “Bọ̀dá, àlejò ni yín ní Texas àbí ará ibẹ̀?” Torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Àlejò tó wá kí ọmọ ẹ̀ lè fi láísẹ́ǹsì tó gbà nílé wa mọ́tò fún àkókò kan, àmọ́ ẹni tó ti háyà ilé, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń gbé ibẹ̀, ọjọ́ 90 yẹn ni tiẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, láísẹ́ǹsì Texas ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbà tó bá sì lọ gbà á, kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n máa tẹ̀. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ò pa gbèsè New York rẹ́. Ẹni tí wọ́n bá tún bá a ṣe láìlọ síbẹ̀, tí kò ya fọ́tò tí kò tẹ̀ka, ayédèrú ló rà. Bákan náà ni ìwé “international” tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ kódà tí wọ́n bá ti sọsípẹ́ńdì èèyàn: ìwé awakọ̀ àgbáyé kì í dá dúró, ìtumọ̀ láísẹ́ǹsì tó wà nílẹ̀ lásán ni, ní Amẹ́ríkà ìjọba ti fún AAA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ kan, láṣẹ láti ṣe é, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì Amẹ́ríkà tó dáa lọ́wọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é fún, kó lè fi wa mọ́tò nílùú òkèèrè. Ẹni tó bá ń tà á fún yín pé kí ẹ fi wa mọ́tò ní Houston, olè ni.

Ìmọ̀ràn tó kẹ́yìn ni pé kó kàn dúró, pé ó máa ń pa rẹ́ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọdún méje. Ti gbèsè káàdì báńkì ni wọ́n ń gbé wá síbí o. Mo ti sọ ọ́ lókè, kò ní déètì.

Ní gbogbo àsìkò yìí kò wa mọ́tò. Mo kí i fún ìyẹn, torí Houston kì í ṣe New York tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ pọ̀, ẹni tí kò ní mọ́tò níbẹ̀ ìyà ń jẹ ẹ́ ni, bọ́ọ̀sì ò dé gbogbo ibi, oòrùn ibẹ̀ náà kì í ṣeré. Àmọ́ tí wọ́n bá mú èèyàn ní Texas tó ń wa mọ́tò nígbà tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ẹ̀, ẹ̀sùn ọ̀daràn ni, fáìnì ẹ̀ lè tó $500 ní ìgbà àkọ́kọ́, tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n lè wọ̀ ọ́. Èyí tí a ń tún ṣe ò tíì tán, ká má tún fi òmíì kún un. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀, òun ń bá a ra epo.

Ó wá yá. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a ra àkọsílẹ̀ awakọ̀ ẹ̀ lórí sáìtì DMV New York, abstract ni wọ́n ń pè é, $7 ni. Ẹ má san owó kankan fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó rí ìwé yìí. Gbogbo nǹkan ló wà nínú ẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, ìdí ẹ̀, kọ́ọ̀tù tó ni ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀. Bàbá Ìbejì rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọsípẹ́ńdì òun. Ìwé náà dé, sọsípẹ́ńṣọ̀n mẹ́ta fún tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ọ̀kan tún wà nísàlẹ̀ tí a ò mọ̀dí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, màá dé ibẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ látorí ti ìlú kékeré torí òun ló ṣòro jù lójú tiẹ̀, òun ló sì wá rọrùn jù. A pe akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ó ní kó kọ̀wé pé òun ò jẹ̀bi kó sì fi ránṣẹ́, kó fi lẹ́tà tì í pé Texas lòun ń gbé báyìí. Irú àwọn kọ́ọ̀tù ìlú bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba máa ń gbà láti dúnàádúrà, wọ́n bá a dín ẹ̀sùn náà kù sí èyí tí kò ní pọ́íǹtì, ó san fáìnì, ó san owó tí òfin so mọ́ gbígbé ẹsẹ̀ kúrò lórí láísẹ́ǹsì, ìyẹn $70 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ọ̀tù sì fúnra ẹ̀ ránṣẹ́ sí DMV. Kò wọ bàálù, kò gba lọ́yà.

Àwọn ti Brooklyn ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Traffic Violations Bureau kò sí ìdúnàádúrà, ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, bó ṣe rí nìyẹn, wọ́n sì ti dá a lẹ́bi nígbà tí kò yọjú. Ó lè béèrè pé kí wọ́n tún ẹjọ́ ṣí, a gbé e yẹ̀ wò, àmọ́ ó ní òun mú fóònù lọ́wọ́ lóòótọ́, òun ò fẹ́ ṣe ẹjọ́ mọ́, òun fẹ́ san án kọ́rọ̀ náà tán. Fáìnì méjèèjì, $88 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti $70, $70 yẹn, nígbà tí a ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, owó náà ju ohun tó ní nílẹ̀ lọ dáadáa. Ó dákẹ́. Ìyá Ìbejì ní ká ta góòlù òun.

Kò débẹ̀ o, torí òfin ti yí padà, ohun tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ti gbé ní New York rí tó sì wà nínú irú ìṣòro yìí mọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 2020 ni gómìnà fọwọ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 29, 2021: New York ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì èèyàn mọ́ torí pé kò rówó fáìnì tíkẹ́ẹ̀tì san, èèyàn sì lẹ́tọ̀ọ́ láti san án díẹ̀díẹ̀, $25 lóṣù tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lóṣù lẹ́yìn owó orí, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹni tí $3,000 ń wọlé fún, $60 ni tiẹ̀. Ohun tó kù ni pé ẹni tí kò bá dáhùn sí tíkẹ́ẹ̀tì rárá, wọ́n ṣì ń gbẹ́sẹ̀ lé tiẹ̀, nítorí náà ìdáhùn ló ṣe pàtàkì, owó lè máa tẹ̀ lé e bọ̀. Ó dáhùn, ó bọ́ sínú ètò ìsanwó, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí méjèèjì.

Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí iye ọdún tí wọ́n fi ṣe èyí sáwọn èèyàn. Ẹni tí kò rówó san fáìnì, ẹ wá gba ohun tó ń fi lọ ṣiṣẹ́ owó náà lọ́wọ́ ẹ̀, kí lẹ rò pé ó máa fi san án? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní 1983 nínú ẹjọ́ Bearden àti Georgia pé adájọ́ ò gbọdọ̀ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n nítorí fáìnì láìkọ́kọ́ wádìí bóyá ó lágbára láti san án, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n nìyẹn, wọn ò fa láísẹ́ǹsì mọ́ ọn. Texas tí Bàbá Ìbejì kó lọ yìí náà ṣe tiẹ̀, láti 2003 ni wọ́n ti ń gbé owó míì lé orí fáìnì àwọn awakọ̀ lọ́dọọdún, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tí láísẹ́ǹsì wọn bá a lọ kí wọ́n tó fòpin sí i ní September 1, 2019. California ti jáwọ́ nínú gbígbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì torí fáìnì láti 2017, Virginia bẹ̀rẹ̀ ní 2019, Maryland tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí bí èèrà ní 2020. Kì í ṣe àánú ni, wọ́n rí i pé kò mú owó wọlé, ó ń sọ aláìní di ọ̀daràn ni.

Mo ní sọsípẹ́ńṣọ̀n kẹrin wà. Òun ló fẹ́ da gbogbo nǹkan rú, torí lẹ́yìn tí mẹ́ta kúrò, Bàbá Ìbejì ti fẹ́ máa lọ gba déètì ní Texas, mo ní kó ṣe sùúrù ká tún wo ìwé náà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Driver Responsibility Assessment ni wọ́n ń pè é. Bí òfin ṣe rí nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá kó pọ́íǹtì 6 láàárín oṣù 18, DMV fúnra wọn máa gbé $100 lé e lórí lọ́dún kan, fún ọdún mẹ́ta, pọ́íǹtì kọ̀ọ̀kan tó bá sì lé, $25 lọ́dún ni. Fóònù, pọ́íǹtì 5. Iná pupa, 3. Ó di 8, ìyẹn $150 lọ́dún, $450 lápapọ̀. Kì í ṣe ara fáìnì, kì í ṣe ti kọ́ọ̀tù, kò sí lára tíkẹ́ẹ̀tì, bíìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ibo ló sì lọ? Flatbush. Òfin 2021 yẹn ò kan òun, tí èèyàn ò bá san án wọ́n ṣì ń gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo mọ̀ tó jẹ́ ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn, wọ́n á san gbogbo fáìnì tán, wọ́n á padà lọ síwájú akọ̀wé, akọ̀wé á ní ó ṣì wà, wọ́n á wá gbà pé àwọn èèyàn yìí kàn ń fi àwọn ṣeré ni. A pè wọ́n, ó san èyí tó ti pé nílẹ̀, tí ọdún tó ń bọ̀ máa di sísan tí àsìkò ẹ̀ bá tó. A yí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ padà sí ti Houston lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn kò yára. New York gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìwé tiwọn ṣe kí ìwé orúkọ ìjọba àpapọ̀ tó yí, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má tíì lọ, kó jẹ́ ká tún ra àkọsílẹ̀ míì ká fojú ara wa rí i. Ìgbà tí ó dé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé láísẹ́ǹsì náà wà láàyè. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó mú un dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa wò.

Texas ò ní kó ṣe ìdánwò ìwé tàbí ti ìwakọ̀, torí láísẹ́ǹsì New York ẹ̀ tí ò tíì lò tán ti padà dáa, èyí jẹ́ nǹkan tó yẹ kí ẹni tí tiẹ̀ kù díẹ̀ kó parí fi sọ́kàn, kó má jẹ́ kó parí sọ́wọ́ òun. Wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò, ó san $33, wọ́n gba káàdì New York lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé kékeré tó máa fi wa mọ́tò títí káàdì tuntun á fi gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé. Ó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kó tó kúrò nínú ọgbà wọn. Ó ṣì ń san ètò New York yẹn lóṣooṣù.

Fún ẹ̀yin tí tiyín kì í ṣe New York. Ẹni tó bá jẹ́ pé Texas ló ti ní tíkẹ́ẹ̀tì tí kò yọjú sí, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀tù ibẹ̀ ṣì ń ní kí DPS, àjọ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ní Texas, má bá èèyàn tún láísẹ́ǹsì ṣe títí á fi wá, owó tó wà fún yíyọ ọ́ kúrò jẹ́ $10 lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan láti 2020, ó ti jẹ́ $30 rí. Ẹni tí Virginia tàbí Maryland ti gbẹ́sẹ̀ lé tiẹ̀ lọ́dún pípẹ́ torí fáìnì nìkan, kó tún lọ wò ó, ó ṣeé ṣe kí òfin tuntun ti tú u sílẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tí kò bá sì dá lójú pé ìpínlẹ̀ wo ló fi orúkọ òun sílẹ̀, torí ó ti gbé ní ibi tó pọ̀, kó kọ lẹ́tà sí NHTSA, kó kọ orúkọ ẹ̀ ní kíkún àti ọjọ́ ìbí ẹ̀, kó gbé e lọ fún notary, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, kó fọwọ́ sí i, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á dárúkọ ìpínlẹ̀ náà fún un, DMV ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ pè.